Orúkọ Tí Wọn Kò Kọ Sára Ike Oògùn Irun

Ọ̀rọ̀ irun la gbé wá lónìí.

Ní ọdún 2010, ní Portland, ìpínlẹ̀ Oregon ní Amẹ́ríkà, àwọn onídìrí kan rí i pé bí wọ́n bá ti ń fi Brazilian Blowout na irun oníbàárà, ojú a máa ta wọ́n, imú a máa ṣẹ̀jẹ̀, mímí a sì nira. Wọ́n wo ara ike: wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé kò sí formaldehyde nínú rẹ̀. Wọn kò dákẹ́, wọ́n fi tó ìjọba létí. Nígbà tí wọ́n yẹ oògùn náà wò, formaldehyde inú rẹ̀ ju ìdá 8 nínú 100 lọ. Bẹ́ẹ̀, tó bá ti tó ìdá 1 péré nínú 1,000, òfin ní kí wọ́n kìlọ̀ fún òṣìṣẹ́.

Kí ni formaldehyde? Òun ló wà nínú fọ́málìn tí wọ́n fi ń tọ́jú òkú ní mọ́ṣúárì. Bí irin gbígbóná bá kàn án lórí irun, á di èéfín tí onídìrí àti oníbàárà jọ ń fà símú. Láti 2004 ni ẹ̀ka àjọ WHO tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ ti sọ pé ó ń fa jẹjẹrẹ.

Ìpínlẹ̀ California pe ilé-iṣẹ́ náà lẹ́jọ́. Láti 1986 ni àwọn ará ìpínlẹ̀ náà ti dìbò fún òfin Proposition 65: bí kẹ́míkà tó lè fa jẹjẹrẹ bá wà nínú ọjà rẹ, kìlọ̀ fún ẹni tó ń rà á. Ní January 2012, Kamala Harris, agbẹjọ́rò àgbà ìpínlẹ̀ náà nígbà yẹn, kéde àdéhùn: ilé-iṣẹ́ náà yóò san 600,000 dọ́là, yóò kìlọ̀ fáwọn tó ń lò ó, kò sì ní polówó pé kò sí formaldehyde níbẹ̀ mọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o: àdéhùn yẹn kò lé oògùn náà kúrò lọ́jà. Ìkìlọ̀ ló mú wá, ẹni tó bá kà á ló sì máa ṣe láǹfààní. Nítorí náà, ẹ ka ara ike kí wọ́n tó fi kàn yín lórí. Formalin àti methylene glycol, ọ̀kan náà ni wọ́n. Bí ojú bá ń ta yín ní sálúùn, ẹ jáde síta. Ẹ̀yin onídìrí, ẹ̀yin lẹ ń fà á símú lójoojúmọ́. Aboyún kò gbọdọ̀ sún mọ́ ọn rárá.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹni tó ń ṣe irun yín.