Fiji: Bí tẹlifíṣọ̀n ṣe sọ ara tó kún di ìtìjú fún àwọn ọmọbìnrin

Ní àwọn erékùṣù Fiji, lórí Òkun Pàsífíìkì, obìnrin tí ara rẹ̀ kún ni wọ́n ń pè ní arẹwà láti ìgbà pípẹ́. Ẹni tó bá rù, wọn a ní ará ilé rẹ̀ kò tọ́jú rẹ̀. Èrò yìí kò ṣàjèjì ní Calabar, níbi tí àwọn Efik ti máa ń fi ọmọbìnrin sí ilé ìsanra kí ó tó lọ sílé ọkọ.

Ní 1995, tẹlifíṣọ̀n dé agbègbè Nadroga ní Fiji. Anne Becker, dókítà àrùn ọpọlọ ní Fásitì Harvard, fi ìbéèrè wádìí ọ̀rọ̀ lẹ́nu ọmọbìnrin 63 nílé ẹ̀kọ́ girama. Ní 1998, ó bi àwọn 65 mìíràn. Ní àkọ́kọ́, kò sí ẹnì kankan tó ní òun ń mọ̀ọ́mọ̀ bì kí òun lè fọn. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, wọ́n ti lé ní 11 nínú ọgọ́rùn-ún. Nínú ọgọ́rùn-ún kan náà, 74 ló ní òun máa ń rí ara òun bí ẹni tó sanra jù.

Lóòótọ́, ìwádìí náà kéré, ìbéèrè orí ìwé kò sì tó láti fi pe ènìyàn ní aláìsàn. Ṣùgbọ́n ìdí tí àwọn ọmọ náà sọ wúwo: wọ́n fẹ́ dà bí àwọn òṣèré inú eré Amẹ́ríkà, nítorí wọ́n gbà pé ara tínrín ló ń mú iṣẹ́ gidi àti ọlá wá.

Ibẹ̀ gan-an ni gbòǹgbò àìsàn náà wà. Obìnrin tó ní anorexia ń febi pa ara rẹ̀. Ẹni tó ní bulimia ń jẹ àjẹjù, ó sì sábà máa ń lọ bì í. Àwọn méjèèjì ń fi òṣùwọ̀n díwọ̀n iyì ara wọn. Bí a bá kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ pé “O mà ti sanra o!”, bí ìdálẹ́bi ni yóò ṣe gbọ́ ọ. Bíbì lemọ́lemọ́ sì ń dín èròjà potassium kù nínú ẹ̀jẹ̀, èyí tó lè dá ọkàn dúró lójijì.

Nínú ìtọ́jú onífọ̀rọ̀wérọ̀ tí àwọn dókítà ń lò, aláìsàn yóò máa jẹun ní àkókò tí wọ́n jọ fi sí i, yóò sì máa gun òṣùwọ̀n lẹ́ẹ̀kan péré lọ́sẹ̀. Wọ́n tún máa ń ní kí ó ya òbìrí kan, kí ó pín in gẹ́gẹ́ bí ó ṣe ń díwọ̀n ara rẹ̀: ẹbí, iṣẹ́, ọ̀rẹ́, ìrísí. Lọ́pọ̀ ìgbà, ìrísí nìkan ló ń gba èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀.