Àgò Onílé: Ìdánwò àti Ìwé-Ẹ̀rí Wolé-wolé, láti Èkó Àtijọ́ dé Abúlé Adó

Nínú àṣà Yorùbá, àlejò kì í ṣàdédé wọ ilé onílé. Yóò kọ́kọ́ ké àgò lẹ́nu ọ̀nà, yóò sì dúró kí wọ́n yà á fún un. Òṣìṣẹ́ ìjọba tí ń yẹ ilé wò nítorí ìmọ́tótó kò gbọ́dọ̀ dúró de ìdáhùn yìí, nítorí òfin ti yà àgò fún un. Iṣẹ́ ojú rẹ̀ ni àwọn ará ìlú fi sọ ọ́ lórúkọ: wolé-wolé, ẹni tí ń wo ilé. Ṣùgbọ́n kí ó tó wo ilé, ó ní láti wọ ilé. Ìtàn ìdánwò àti ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ jẹ́ ìtàn bí ìjọba ṣe wá ohun tí yóò rọ́pò àgò.

Kí ìwé-ẹ̀rí tó gbòde, ọ̀nà mìíràn wà. Ní 1901, nígbà tí Gómìnà William MacGregor, tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ dókítà, ń gbógun ti ibà ní Èkó, àwọn obìnrin tí ó lórúkọ láwùjọ dá Lagos Ladies' League sílẹ̀. Wọ́n ń lọ láti ilé dé ilé, wọ́n ń pín kuníìnì, wọ́n sì ń kọ́ àwọn ìyá ní ìmọ́tótó. Wọn kò ṣe ìdánwò kankan. Iyì ìdílé àti èdè tí àwọn àti onílé jọ ń sọ ni ó ṣí ilẹ̀kùn fún wọn.

Òfin Ìlera Àwùjọ ti 1917 gbé agbára àyẹ̀wò lé òṣìṣẹ́ ìjọba lọ́wọ́. Ní 1924, àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé kiri bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó, kò sì kásẹ̀ nílẹ̀ títí di nǹkan bí 1930. Nínú wàhálà yìí ni Dókítà Isaac Ládípọ̀ Olúwọlé, tí ó kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní Glasgow, di ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ó jẹ́ igbákejì ọ̀gá ìlera ìlú Èkó ní 1925. Òun ni ó dá ilé-ẹ̀kọ́ ìmọ́tótó sílẹ̀ ní Yábàá, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń wá láti gbogbo ẹkùn Nàìjíríà. Ní 1928, ìjọba gbé Lagos Executive Development Board kalẹ̀ láti tún àwọn àdúgbò tí ilé ti há mọ́ra kọ́. Láti ìgbà náà, ìdájọ́ pé ilé kan dọ̀tí tàbí pé ó há jù lè yọrí sí wíwó ilé náà. Ó wá di dandan kí a mọ ẹni tí ó yẹ kí ó ṣe irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀.

London ni ìdáhùn ti wá. Royal Sanitary Institute, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1876, tí ó sì di Royal Society of Health ní 1955, ni ìdánwò rẹ̀ jẹ́ òṣùwọ̀n fún wolé-wolé ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, kódà lẹ́yìn òmìnira. Nígbà tí ó yá, West African Health Examinations Board gba ìdánwò náà ṣe. Òfin kọkànlá ti 2002 sì gbé ìgbìmọ̀ ìforúkọsílẹ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera àyíká kalẹ̀ ní Nàìjíríà. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ìgbèríko, tí iṣẹ́ wọn gbòòrò lẹ́yìn ìpàdé Alma-Ata ti 1978, ti ní ìgbìmọ̀ tiwọn láti 1992. Àṣẹ kúrò ní London, ó dé Àbújá. Ṣùgbọ́n èdè ìdánwò kò yí padà.

Níbí ni ọ̀rọ̀ wà. Gẹ̀ẹ́sì ni olùdánwò fi ń béèrè. Ṣùgbọ́n ní agbo ilé, tanwíji inú àmù, ṣáláńgá, ààtàn àti gọ́tà ni wolé-wolé àti onílé jọ ń sọ. Ìwé-ẹ̀rí jẹ́rìí òṣìṣẹ́ fún ẹni tí ó gbà á síṣẹ́. Kò jẹ́rìí rẹ̀ fún ẹni tí ó ni ilé. Aṣọ kakí ni onílé rí, kò rí ìdánwò.

Àrùn Ebola ti 2014 fi ìdí ọ̀rọ̀ yìí múlẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ tọpa ènìyàn 894, wọ́n sì ṣe àbẹ̀wò tí ó tó 18,500 láti bójú tó wọn, títí ọjọ́ 21 fi pé fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Òfin lè ti ilẹ̀kùn ṣí lẹ́ẹ̀kan. Kò rọrùn kí ó tì í ṣí lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ìfọkàntán onílé ni irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ dúró lé.

Ní Amúwo-Ọ̀dọ̀fin, ìbéèrè náà ṣì gbóná. Ètò ìjọba ni wọ́n fi kọ́ Festac Town sílẹ̀ de àjọ̀dún 1977, pẹ̀lú ojú ọ̀nà àti ọ̀nà ìdọ̀tí rẹ̀. Abúlé Adó tí ó wà nítòsí rẹ̀ kò ní irú ètò bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Yorùbá, Ígbò, Ẹ̀gùn àti ẹ̀yà mìíràn jọ ń gbé, wọ́n sì jọ ń tajà níbẹ̀. Òṣìṣẹ́ kan náà, ìwé-ẹ̀rí kan náà, ni ó yẹ kí ó wo ojú méjèèjì. Bí ìdánwò bá ń wọn ìmọ̀ nípa kòkòrò àti omi nìkan, apá kan iṣẹ́ náà ni ó ń wọ̀n. Àwọn obìnrin 1901 mọ apá kejì láìṣe ìdánwò: bí a ṣe ń ké àgò ní èdè tí onílé yóò fi yà á. Ìlànà ìdánwò tí yóò bá ìtàn yìí mu ní láti fi ẹ̀kọ́ náà kún òṣùwọ̀n rẹ̀.