Ìdérí Ìgò Omi Aláìsàn

Bí a bá gbé aláìsàn láti Tẹ̀dé dé ilé ìwòsàn ní Ṣakí, tí wọ́n sì fa omi sí i lára, ọkàn ẹbí a balẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a wo ìtàn omi náà.

Ní ọdún 1832, ní Leith ní ilẹ̀ Scotland, Dókítà Thomas Latta fi omi iyọ̀ sínú iṣan àwọn tí onígbáméjì kọlù. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí omi ń gbà wọ ara, kòkòrò àrùn lè gbà á pẹ̀lú.

Ní Amẹ́ríkà, ilé-iṣẹ́ kan pààrọ̀ ohun tí ó tẹ́ sínú ìdérí ìgò omi rẹ̀. Kòkòrò sá pamọ́ síbẹ̀. Bí a bá ṣí ìgò, tí a tún dé e, wọn a bọ́ sínú omi. Láàárín oṣù Keje 1970 sí oṣù Kẹrin 1971, kòkòrò wọ ẹ̀jẹ̀ aláìsàn 378 ní ilé ìwòsàn 25.

Àwọn aláṣẹ ní kí a máa pààrọ̀ rọ́bà omi ní wákàtí 24-24. Àwọn olùwádìí dán ìmọ̀ràn yìí náà wò. Nígbà tí yóò fi di 2011, ìlànà Amẹ́ríkà sọ pé kò yẹ kí a pààrọ̀ rẹ̀ kí wákàtí 96 tó pé, bí kì í bá ṣe ẹ̀jẹ̀ tàbí ọ̀rá ni ó ń gbà á kọjá.

Níbi tí ẹbí ti ń fi owó ara wọn ra rọ́bà, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe kékeré. Ohun ààbò tí a kò dán wò lè pa ènìyàn. Òfin tí a kò dán wò a sì máa jẹ owó tálákà lásán.