Bí Amẹ́ríkà ṣe fún mọ́tò nílẹ̀, tó sì gbà á padà

1/ Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ìtàn yìí o. Lọ́dún 1999, ìjọba Amẹ́ríkà ya àyè kan sọ́tọ̀ lórí ìgbì rédíò fún mọ́tò. Kì í ṣe fún orin. Kí mọ́tò lè máa bá mọ́tò sọ̀rọ̀ ni. Nígbà tó di 2020, wọ́n gba èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀ padà. Kí ló dé?

2/ Lọ́dún 1999 yẹn, ó lé ní 40,000 èèyàn tí jàǹbá mọ́tò pa níbẹ̀. Èrò wọn ni pé bí mọ́tò iwájú bá tẹ bíréèkì lójijì, kó ti ta ti ẹ̀yìn lólobó kí awakọ̀ tó rí nǹkan kan.

3/ FCC, àjọ tó ń pín ìgbì rédíò lọ́hùn-ún, gé 75 MHz fún wọn, láti 5.850 dé 5.925 GHz. Ẹ wò ó bí ilẹ̀. Tí gbogbo èèyàn bá ń sọ̀rọ̀ lójú kan náà, ariwo lásán ni. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pín in.

4/ Àmọ́ ẹ̀rọ náà, DSRC, dà bíi fóònù. Tó bá jẹ́ ìwọ nìkan lo ní in, ta lo fẹ́ pè? Kò sẹ́ni tó fẹ́ kọ́kọ́ náwó. Cadillac fi sínú CTS ti 2017. Toyota ní àwọn máa bẹ̀rẹ̀ ní 2021, àmọ́ wọ́n ti dáwọ́ dúró ní 2019. Ìjọba dábàá òfin tó máa sọ ọ́ di dandan, òfin ọ̀hún ò jáde.

5/ Ilẹ̀ téèyàn ò kọ́lé sí, ojú ò ní kúrò lára ẹ̀. Wi-Fi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ń wá àyè. Ní November 2020, FCC dìbò: 45 MHz fún Wi-Fi, 30 fún mọ́tò. Wọ́n tún ní kí DSRC kó ẹrù ẹ̀, kí C-V2X tó wá látinú ìmọ̀ fóònù alágbèéká wọlé. ITS America àti AASHTO pẹjọ́. Ní 2022, kóòtù dá FCC láre.

6/ Ibòmíì ńkọ́? Yúróòpù ya 5875 sí 5905 MHz sọ́tọ̀ ní 2008. Ṣáínà mú 5905 sí 5925 ní 2018. Ẹ ṣírò ẹ̀ wò: nígbà yẹn, ibi tí ti Yúróòpù parí sí ni ti Ṣáínà ti bẹ̀rẹ̀! Mọ́tò tó ń sọ̀rọ̀ ní Berlin lè di odi ní Beijing.

7/ Èyí tó dùn mí jù rèé. Japan fún mọ́tò ní 9 MHz péré, nítòsí 760 MHz. Toyota kan náà yìí ti ń ta mọ́tò tó ń lò ó níbẹ̀ láti 2015. Amẹ́ríkà fún wọn ní 75, ó di igbó.

8/ Ẹ̀yin ará, pípín ilẹ̀ kọ́ niṣẹ́. Ta ló máa kọ́kọ́ kọ́lé? Ogún ọdún ni wọ́n fi wo ara wọn lójú, ọdọọdún ni jàǹbá sì ń pa èèyàn.