Àwọn Tó Kọ́kọ́ Fi Géèmù Ṣe Iṣẹ́ Jẹ ní Èkó

Láti ìgbà tí ìjọba Benin àti ti Nàìjíríà ti jọ dá owó lé ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì tó wà ní Onigbolo ní ilẹ̀ Benin, àwọn ará Pobẹ̀ àti Sakété mọ bí ẹrù ṣe ń kọjá ẹnubodè: yóò dúró, wọn yóò yẹ ìwé rẹ̀ wò, aṣọ́bodè yóò gba tirẹ̀. Géèmù ni kì í dúró fún ẹnikẹ́ni. Ọmọ tó bá ní fóònù ní Onigbolo, tí dátà rẹ̀ kò sì tíì tán, lè fa géèmù tí wọ́n ṣe ní Èkó sórí fóònù náà kí ìyá rẹ̀ tó sọ ìkòkò ọbẹ̀ kalẹ̀. Ohun tí kò ní rí níbẹ̀ ni iye ọdún tí àwọn tó ṣe é fi ń wá ilẹ̀ tí wọn yóò pàtẹ sí.

Ọdún 2012 ni iṣẹ́ géèmù ṣíṣe fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní Èkó. Hugo Obi, tó ti gbé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kó tó padà wálé, dá Maliyo Games sílẹ̀ lọ́dún yẹn. Iṣẹ́ télọ̀ ní ọ̀gá tí ọmọdé ń lọ bá kọ́ ọ, ṣùgbọ́n Obi àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ní láti kọ́ ara wọn. Wọn kò lọ yá ogun tàbí ààfin ilẹ̀ òkèèrè lò. Ẹ̀fọn ni wọ́n mú. Mosquito Smasher ni wọ́n pe géèmù náà, iṣẹ́ ẹni tó ń fi ṣeré kò sì ju kó máa pa ẹ̀fọn lọ. Nínú Okada Ride, ọlọ́kadà, ẹni tí ará Pobẹ̀ ń pè ní zémidjan, ni ó ń wá ọ̀nà gbà láàárín ìdènà ojú títì Èkó.

Ẹni tó bá rò pé ọ̀rọ̀ ẹ̀fọn kéré jù fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò tíì ro ó dé ìdí. Ọmọ tó ti ń fi àtẹ́lẹwọ́ pa ẹ̀fọn láti kékeré kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé òfin eré náà fún un. Ó ti mọ ọ̀tá rẹ̀ kí géèmù tó bẹ̀rẹ̀. Fún ìgbà pípẹ́, ìgboro ẹlòmíràn ni ọmọ wa ń sáré kiri nínú géèmù. Èkó ni Maliyo fi síwájú rẹ̀, pẹ̀lú gbogbo wàhálà Èkó.

Lọ́dún 2012 kan náà ni Abiola Olaniran, ẹni tó kẹ́kọ̀ọ́ nípa kọ̀ǹpútà ní Obafemi Awolowo University, Ilé-Ifẹ̀, dá Gamsole sílẹ̀. Nígbà tó ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ló ti kópa nínú Imagine Cup, ìdíje tí Microsoft ń ṣe fún àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Nígbà tó sì tó àkókò láti yan ibi tí yóò pàtẹ sí, orí Windows Phone, fóònù ti Microsoft, ló lọ. Ọgbọ́n ọlọ́jà wà níbẹ̀. Ọjà Android àti ti iPhone ti kún, àtẹ ẹni tuntun á sọnù sáàárín ẹgbàágbèje àtẹ. Ọjà Windows Phone kéré; ẹni tó bá tètè jí dé ibẹ̀ á rí ojú ọ̀nà jókòó sí. Ó rí i lóòótọ́. Ilé-iṣẹ́ 88mph, tó ń fi owó ran àwọn oníṣẹ́ tuntun lọ́wọ́ ní Áfíríkà nígbà náà, dá sí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Gidi Run, géèmù eré sísá tó gba orúkọ ìnagijẹ Èkó, wà lára ohun tí Gamsole gbé jáde, ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ìgbà sì ni àwọn ènìyàn káàkiri ayé gba géèmù wọn sórí fóònù.

Lẹ́yìn náà ni ọjà tú. Windows Phone kò lè bá Android dù ú, Microsoft sì dáwọ́ ìtọ́jú Windows Phone 8.1 dúró ní oṣù Keje ọdún 2017. Géèmù dára, oníṣẹ́ mọ iṣẹ́, àmọ́ onílẹ̀ gba ilẹ̀ rẹ̀. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ sí àwọn géèmù tó ń ṣiṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì nípasẹ̀ Flash, ètò kọ̀ǹpútà kan: ilé-iṣẹ́ Adobe, tó ni ín, pa Flash tì ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 2020. Ẹni tó bá mọ ẹjọ́ ilẹ̀ ní agbègbè wa mọ bí ó ṣe máa ń dun ẹni tó ti kọ́lé.

Microsoft kan náà ló wà nínú ìtàn kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì yẹ kí a gbé méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Tim Stamper àti Chris Stamper, ọmọ ìyá méjì, bẹ̀rẹ̀ sí ṣe géèmù ní ìlú kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Ashby-de-la-Zouch. Ọdún 1982 ni, ọdún tí ZX Spectrum, kọ̀ǹpútà olówó pọ́ọ́kú, jáde tó sì wọ ilé àwọn ará ibẹ̀. Kásẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń gbé géèmù sí lórí tà. Ní 1985 wọ́n dá Rare sílẹ̀. Wọ́n tú ẹ̀rọ géèmù ti ilé-iṣẹ́ Nintendo palẹ̀ láti mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́, wọ́n sì fi ohun tí wọ́n rí níbẹ̀ lọ bá Nintendo fúnra rẹ̀, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Donkey Kong Country ti 1994 àti GoldenEye 007 ti 1997 tọwọ́ wọn jáde. Nígbà tí Microsoft dé ní 2002, ó san mílíọ̀nù 375 owó dọ́là kó tó gba Rare. Ogún ọdún ni wọ́n ti lò lẹ́nu iṣẹ́ kí olówó náà tó kanlẹ̀kùn, àwọn aládùúgbò tó ní kọ̀ǹpútà nílé ló sì kọ́kọ́ bọ́ wọn. Gamsole kò rí irú ogún ọdún bẹ́ẹ̀.

Eré kan tó ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá wúlò fún Maliyo pẹ̀lú, ìtàn rẹ̀ sì dùn. Whot, káàdì tí Nàìjíríà fẹ́ràn débi pé ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé Nàìjíríà ló ni ín, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń jẹ́ William Henry Storey ló ṣe é ní àwọn ọdún 1930, ilé-iṣẹ́ Waddingtons sì tà á. Ìgbà tó dé Nàìjíríà ló di nǹkan mìíràn: àwọn ọmọ ilé ìwé ń ta á lábẹ́ igi, wọ́n ń pariwo ‘pick two’ àti ‘general market’, òfin sì ń yàtọ̀ láti àdúgbò dé àdúgbò. Maliyo sọ ọ́ di géèmù orí fóònù, wọ́n pè é ní Whot King. Ẹni tó kọ́ ọ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ọdún pípẹ́ sẹ́yìn ti mọ̀ ọ́n kó tó ṣí i.

Ayò ní tirẹ̀ gba ọ̀nà mìíràn. Ní 2002, ọdún tí wọ́n ra Rare, John Romein àti Henri Bal ní Vrije Universiteit ní Amsterdam kó kọ̀ǹpútà jọ láti yanjú awari, tó jẹ́ ọmọ ìyá ayò: ihò 12, ọmọ 48. Wọ́n ṣírò gbogbo ipò tí ọmọ lè wà nínú ọpọ́n, ó jẹ́ 889,063,398,406. Èsì tí wọ́n rí ni pé bí ọ̀ta méjì tí kì í ṣìṣe bá jókòó sí i, ọ̀mì ni yóò já sí. Àwọn àgbà tó ń ta ayò lọ́sàn-án ní Pobẹ̀ lè gba èsì náà tàbí kí wọ́n má gbà á. Ọ̀pẹ ṣì wà níbẹ̀ tí wọn yóò pa.

Èkó nìkan kọ́ ló ń ṣe iṣẹ́ yìí. Ilé-iṣẹ́ Leti Arts ti bẹ̀rẹ̀ ní 2009 láàárín Gánà àti Kẹ́ńyà. Ní Yaoundé ní ilẹ̀ Kamẹrúùnù, níbi tí wọ́n ti ń sọ èdè Faransé bíi ti Benin, Olivier Madiba àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Kiro'o Games gbé géèmù Aurion jáde ní 2016, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún ìpamọ́ra àti owó tí àwọn àlejò dá fún wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Maliyo ṣì wà. Ní 2020 wọ́n bẹ̀rẹ̀ GameUp Africa láti máa kọ́ àwọn ọ̀dọ́ Áfíríkà ní iṣẹ́ géèmù, kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè ní ọ̀gá tí yóò lọ bá. Ní oṣù Kejì ọdún 2024, nígbà tí Disney àti ilé-iṣẹ́ Kugali gbé àwòrán-ìtàn Iwájú jáde, èyí tó dá lórí Èkó ọjọ́ iwájú, Maliyo ni ó ṣe géèmù tó bá a rìn, Disney Iwájú: Rising Chef, níbi tí ẹni tó ń ṣeré ti ń se oúnjẹ Nàìjíríà fún àwọn oníbàárà. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ló kún inú rẹ̀, Faransé sì ni ọmọ Onigbolo ń kà nílé ìwé. Ṣùgbọ́n nígbà tó bá tẹ géèmù náà tó sì ṣí, Iwájú ni yóò kọ́kọ́ rí, kò sì ní bi ẹnikẹ́ni pé kí ni ìtumọ̀ rẹ̀.