Ta Ni Ó Pa Ẹja Náà?

Àwọn àgbà ní odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. Ọmọ Ṣakí ni èmi tí mo ń kọ ìwé yìí. Ìlú ọ̀dàn ni ìlú wa. Òkè Aṣabari ni a ń rí, a kì í rí òkun. Ẹja gbígbẹ ni mo mọ̀ ní kékeré. Síbẹ̀, kí ó má ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu pé ọ̀rọ̀ ẹja pípa lójú òkun ni mo gbé wá. Ìtòsí Ṣakí ni odò Ògùn ti ṣẹ̀. Láti ibẹ̀ ni ó ti ń ṣàn lọ títí ó fi wọ inú ọ̀sà Èkó, tí ọ̀sà sì gbé e fún òkun. Ìtàn àtẹnudẹ́nu tilẹ̀ wí pé Yemọja ni odò náà. Wọ́n ní ó fẹ́ Ọ̀kẹ̀rẹ̀ Ṣakí, ọkọ fi ọmú rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, ó bínú, ó di odò, ó sì kọjú sí ọ̀dọ̀ Olókun. Yèyé-ọmọ-ẹja ni orúkọ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹja kò ṣàjèjì sí wa nígbà náà.

Oríṣi ẹja pípa méjì ni ó wà. Èkíní ni ti ẹni tí ń wá ohun tí yóò jẹ tàbí tí yóò tà. Iṣẹ́ àwọn Ìlàjẹ àti Ègùn ni èyí láti ayébáyé. Èkejì ni ti ẹni tí ó ti jẹun yó kí ó tó kúrò nílé, tí ó sì ń fi ẹja dán agbára ara rẹ̀ wò. Ó pẹ́ tí èyí ti wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1496 ni wọ́n ti tẹ ìwé kan jáde ní Westminster lórí fífi ìwọ̀ pẹja. Ṣùgbọ́n etí odò ni àwọn ti ìgbà náà ń dúró sí. Ní 1898 ni ti ojú òkun gba òkìkí, nígbà tí ará Amẹ́ríkà kan, Charles Frederick Holder, fi ọ̀pá ìwọ̀ pa ẹja túnà tí ó wọn pọ́n-ùn 183 lẹ́bàá erékùṣù Catalina ní Califọ́níà. Lọ́dún náà ni wọ́n dá Tuna Club sílẹ̀ ní Avalon, ìlú tí àwọn àlejò ti ń lo ìgbà ooru. Àwọn atukọ̀ ibẹ̀ a máa fi ọkọ̀ wọn háyà fún àwọn àlejò wọ̀nyí. Ní 1939 ni a dá ẹgbẹ́ àgbáyé sílẹ̀, International Game Fish Association, tí ń ṣe òfin eré náà, tí ó sì ń kọ ẹja tí ó tóbi jù lọ sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí ọkọ̀ háyà ti ń ṣiṣẹ́. Àlejò sanwó, ó wọ ọkọ̀ lówùúrọ̀. Atukọ̀ ni ó mọ ibi tí omi ti jìn. Òun ni ń wo ẹyẹ òkun, nítorí ibi tí ẹyẹ bá ti ń já lu omi, ẹja kéékèèké ń bẹ níbẹ̀, ẹja ńlá sì lè wà lábẹ́ wọn. Ọmọ ọkọ̀ a fi ìjẹ sí ìwọ̀, a jù ú sẹ́yìn, ọkọ̀ a sì máa wọ́ ọ kiri. Bí ẹja ńlá bá gbé e mì, wọn a ká àwọn okùn yòókù, àlejò a jókòó sórí àga, wọn a fi ìgbànú dè é. Bí ẹja bá sá, atukọ̀ a fi ọkọ̀ lé e; bí ó bá forí lé abẹ́ ọkọ̀, atukọ̀ a yí ọkọ̀ padà kí okùn má baà já. Nígbà tí ó bá rẹ ẹja, ọmọ ọkọ̀ ni yóò di okùn mú, tí yóò fi ìkọ́ irin gbé e wọlé.

Èyí kò yọ etíkun tiwa sílẹ̀. Ní ọjọ́ 13 oṣù Jánúárì, 1952, K. J. W. Hackett fi ọ̀pá ìwọ̀ pa ẹja kúta, tí àwọn Òyìnbó ń pè ní barracuda, ní Èkó. Pọ́n-ùn 83 ni, ó sún mọ́ kílò 38. Ọ̀pọ̀ ọdún ni orúkọ Èkó fi wà nínú ìwé ẹgbẹ́ àgbáyé nítorí ẹja yìí, kí wọ́n tó pa èyí tí ó wọn pọ́n-ùn 85 ní Kiribati ní 1992. Ẹ kíyè sí oṣù náà: ìgbà ọyẹ́ ni. Ìgbà ooru àwọn Òyìnbó, òjò àti ìgbì líle ni ó ń jẹ́ ní Èkó. Ní Dakar ẹ̀wẹ̀, ìgbà òjò yẹn gan-an ni ẹja tí lẹbẹ ẹ̀yìn rẹ̀ dàbí ìgbòkun ń wá, òun sì ni àwọn ọlọ́kọ̀ háyà ibẹ̀ ń bá àlejò lé.

Wàyí o, òfin kan wà nínú ẹgbẹ́ náà: bí ẹlòmíràn bá fọwọ́ kan ọ̀pá nígbà tí ẹja ń jà, a kò ní kà á sí. Òfin rere ni, n kò bá a jà. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹlòmíràn wà lórí ìtọ́kọ̀ láti àárọ̀ di alẹ́. Nínú àtẹ tí wọ́n ń tẹ̀ jáde, a ó rí orúkọ ẹja, ìwọ̀n rẹ̀, ibi tí a ti pa á, ọjọ́, àti ẹni tí ó mú ọ̀pá. Àyè atukọ̀ kò sí níbẹ̀.

Ní 1952 yẹn kan náà ni Ernest Hemingway tẹ The Old Man and the Sea jáde. Òun fúnra rẹ̀ fẹ́ràn eré yìí, ó ní ọkọ̀ tirẹ̀ tí ń jẹ́ Pilar, Gregorio Fuentes sì ni ó ń tù ú fún un ní Cuba. Fuentes kú ní 2002, ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Aráyé mọ orúkọ rẹ̀ nítorí pé òǹkọ̀wé ni ọ̀gá rẹ̀. Atukọ̀ mélòó ni ó rí irú oríire bẹ́ẹ̀?

Ọdẹ ni bàbá mi àgbà. Bí wọ́n bá ń ròyìn ẹtu tí wọ́n pa, wọn kì í ṣàìdárúkọ ẹni tí ó fi ipa ẹsẹ̀ ẹran hàn wọ́n, wọn kì í sì í ṣàìdárúkọ ajá. Mo rò nígbà náà pé wọ́n ń fa ìtàn gùn ni. Mo ti wá mọ̀ nísinsìnyí pé gbèsè ni wọ́n ń san.

Nítorí náà, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, bí ẹ bá ka orúkọ ẹni tí ó mú ọ̀pá nínú ìwé ìtàn èyíkéyìí, ẹ béèrè ẹni tí ó di ìtọ́kọ̀ mú. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Omi tí ó ṣẹ̀ lẹ́bàá Ṣakí ń dé òkun lójoojúmọ́. Àwọn tí ń pẹja níbẹ̀ kì í béèrè ibi tí ó ti wá. Ó tọ́ kí àwa béèrè.