Ẹrù Tí Kò Gòkè Mọ́

Ní ìpàdé ẹbí wa ní ọdún tó kọjá, ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù mẹ́rin tó wà lẹ́bàá títì ní Ìdànrè ni a fẹ́ yanjú. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ọ̀rọ̀ ti kúrò lórí ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀kan nínú àwọn ìbátan wa láti ìhà kejì dìde, ó nàka sí màmá mi, ó ní, "Ẹ̀yin tí bàbá ńlá yín fi ìyá tó bí i sílẹ̀ lórí òkè nítorí kòkó!" Màmá mi ti lé ní ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́rin. Wọn ò fèsì. Wọ́n kàn fa ìborùn wọn mọ́ra, wọ́n ní kí n máa mú àwọn lọ sílé.

Mo ti ń gbọ́ gbólóhùn yẹn láti kékeré bí ẹni ń gbọ́ àwàdà. Ọjọ́ yẹn ni mo tó mọ̀ pé kì í ṣe àwàdà. Ìtàn náà kò gùn. Ilé wa àtijọ́ wà lórí Òkè Ìdànrè. Ní àwọn ọdún 1920 tí ìlú ń sọ̀ kalẹ̀, bàbá ìyá àgbà mi wà lára àwọn tó kọ́kọ́ sọ̀. Ìyá rẹ̀ kọ̀, ó ní òun kò lọ síbì kankan. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin dúró ti ìyá náà títí ó fi kú. Ẹni tó kọ́kọ́ sọ̀ ló rí ilẹ̀ pẹrẹsẹ mú, níbi tí títì gbà kọjá. Ẹni tó sọ̀ gbẹ̀yìn, ẹsẹ̀ àpáta ló kù fún un. Orí ilẹ̀ pẹrẹsẹ yẹn ni ṣọ́ọ̀bù mẹ́rin náà wà lónìí. Ẹ lè fojú inú wo ìyókù.

Ìbàdàn ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ náà ni mo dàgbà sí. Ìdànrè tí mo mọ̀ kò ju ìsàlẹ̀ lọ, ilé ìyá àgbà àti ọjà. N kò gun òkè náà rí. Ní oṣù Kejìlá, mo sọ fún àbúrò mi ọkùnrin pé kó wa mọ́tò rẹ̀, ká lọ wo ibi tí wọ́n ní a fi ìyá sí.

A kúrò ní Ìbàdàn kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. A gba orí omi Aṣẹ́jìrẹ́ kọjá, a gba Gbọ̀ngán, Ifẹ̀, Iléṣà. Bí a ṣe ń fi Iléṣà sílẹ̀, ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dìde. Títí a fi dé Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà, òkè ń bá wa lọ bí ẹni tó ń sin àlejò sọ́nà, ọyẹ́ sì bo orí wọn. Ní Àkúrẹ́ a yà sí ọ̀nà Ìdànrè, ìrìn tí kò ju kìlómítà ogún ó lé díẹ̀ lọ, ibẹ̀ sì ni ojú mi ti là. Àwọn àpáta ń yọ lẹ́yìn igi kòkó, ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn, dúdú, wọ́n ń dán níbi tí omi òjò ti máa ń ṣàn lára wọn. Mo ti dé Olúmọ nígbà tí mo wà nílé ìwé. Kí àwọn ará Ẹ̀gbá má bínú, ọmọ ọwọ́ ni Olúmọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn wọ̀nyí, tí òmíràn nínú wọn ga tó nǹkan bí 900 mítà sí ojú òkun. Àbúrò mi dúró nígbà mẹ́ta láti ya fọ́tò. Nígbà kẹrin, mo ní kó jẹ́ ká máa lọ. Lẹ́bàá títì, wọ́n sá kòkó sórí ọ̀rá dúdú, òórùn rẹ̀ tó kan díẹ̀ sì wọ inú mọ́tò wá bá wa.

Àtẹ̀gùn tí a fi ń gun òkè náà lónìí, 667 ni ọmọkùnrin tó mú wa lọ pè é. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Mo ka 212, àbúrò mi béèrè omi, oókà bọ́ lọ́wọ́ mi, n kò sì tún un kà. Ibi ìsinmi wà lójú ọ̀nà, a lo gbogbo rẹ̀. Ìyá àgbà máa ń sọ nígbà ayé wọn pé kò sí irú àtẹ̀gùn bẹ́ẹ̀ nígbà tí àwọn wà lọ́mọdé, pé orí àpáta lásán ni àwọn ń gbà, tọwọ́ tẹsẹ̀, bí òjò bá sì ti rọ̀, kí oníkálukú gbélé rẹ̀.

Mo ti rò pé ṣóńṣó àpáta ni n óò bá lókè. Ìlú ni mo bá. Àárín àwọn àpáta ńlá ni ilẹ̀ ti tẹ́ díẹ̀, orí ilẹ̀ yẹn ni wọ́n kọ́lé sí. Ààfin Ọwá àtijọ́ ṣì dúró, pẹ̀lú òpó igi tí wọ́n gbẹ́ ère sí lára. Kóòtù wà níbẹ̀, ilé ẹ̀wọ̀n wà níbẹ̀, ilé agogo wà, ilé ìwé tí wọ́n dá sílẹ̀ kí ọ̀rúndún 19 tó parí náà wà. Ìyókù, ògiri amọ̀ tó ti wó ni. Ọdún 2007 ni Nàìjíríà fi orúkọ òkè yìí sílẹ̀ lọ́dọ̀ UNESCO pé kí wọ́n kà á mọ́ àwọn ohun ìní gbogbo ayé, orí ìwé ìdúró ló sì wà títí di àkókò yìí. Wọ́n fi ipa ẹsẹ̀ Agboogun hàn wá lára àpáta, èyí tí wọ́n ní ó máa ń bá ẹsẹ̀ gbogbo ènìyàn mu, àgbà tàbí ọmọdé, àfi àjẹ́. Ó bá ti àbúrò mi mu. N kò ti ẹsẹ̀ tèmi bọ̀ ọ́. Ẹbí wa ti ní ẹjọ́ tó.

Mo béèrè agbo ilé wa. Ọmọkùnrin náà nàka sí ibi tí koríko ti bo ògiri mọ́lẹ̀, ó ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìhà ibẹ̀. Mo lọ dúró níbẹ̀ díẹ̀. Aláǹgbá ló pọ̀ níbẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí tí ènìyàn fi lè fara mọ́ irú ibi báyìí, kó rántí bí ilẹ̀ Yorùbá ṣe rí ní ọ̀rúndún 19. Àwọn ará Ìdànrè ti wà lókè tipẹ́ kí ogun ọ̀rúndún yẹn tó dé. Ufẹ̀ Òkè ni wọ́n ń pe ìlú wọn nígbà náà. Nítorí náà, n kò ní sọ pé ogun yìí ló gbé wọn gun òkè. Ṣùgbọ́n òun ló jẹ́ kó bọ́gbọ́n mu láti dúró síbẹ̀. Oǹdó, tí kò jìnnà sí wọn, ogun abẹ́lé tú u ká fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí ìjọba Èkó ní àkókò Glover fi dá sí i, tí àwọn ènìyàn sì padà sí Òde-Oǹdó ní 1872. Ìró ogun Ìbàdàn ń ti Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà dé etí wọn. Ní 1877, ogun Kírìjì bẹ́ sílẹ̀ láàárín Ìbàdàn àti Èkìtì Parapọ̀. Wọ́n tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn ní 1886, síbẹ̀ àwọn ọmọ ogun kò tú ká pátápátá títí di 1893. Ìlú tí wọ́n bí mi sí wà lára ohun tó jẹ́ kí ìran màmá mi máa sùn láàárín àpáta. N kò ronú kan èyí rí, àfi ìgbà tí mo jókòó sórí òkúta níwájú kóòtù àtijọ́ yẹn, tí mo ń mu omi.

Lẹ́yìn 1893, ẹ̀rù dín kù. Ṣùgbọ́n wọn ò sọ̀ kalẹ̀. Ó tó nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà kí ìlú tó ṣí kúrò lókè. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn mọ́ mi nìyí, torí ohun tí a máa ń gbọ́ ni pé òyìnbó ló ní kí wọ́n sọ̀. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ ní apá kan. Kò sí ìjọba tó fẹ́ràn ìlú tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa pọ́n lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo kóòtù yẹn. Lókè ni wọ́n kọ́ ọ sí. Lókè ni wọ́n kọ́ ẹ̀wọ̀n sí, lókè ni ilé ìwé àti agogo wà. Ìjọba, ìjọ, tíṣà, gbogbo wọn ló gòkè lọ bá àwọn ènìyàn. Ẹni tó fẹ́ kí o kó kúrò nílé kì í wá kọ́ kóòtù sí ẹnu ọ̀nà rẹ.

Èmi gbà pé ẹrù ló mú wọn sọ̀. Kí kòkó tó dé, oko wà nísàlẹ̀, ilé wà lókè. Jíjẹ ni ohun tí àgbẹ̀ ń gbìn, iṣu, àgbàdo, ọ̀gẹ̀dẹ̀, ìwọ̀nba tí ilé lè jẹ ló sì ń rù gòkè. Ibi tí ẹnu wà ni ẹrù ń lọ. Kòkó kò rí bẹ́ẹ̀. J.P.L. Davies gbìn ín sí Ìjọn lẹ́bàá Agége ní nǹkan bí 1880, ó sì ràn láti oko dé oko títí ó fi wọ igbó tiwa. Kò sí ẹni tó ń se kòkó jẹ nílé. Bí o bá fọ́ ọ tán, o ní láti fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó fún bí ọjọ́ mẹ́fà, lẹ́yìn náà kí o sá a sóòrùn, kí o máa rò ó, kí o máa ṣọ́ ọ nítorí òjò àti nítorí olè. Ta ni yóò ṣọ́ ọ bí ilé rẹ bá wà lórí àpáta? Àpò kan tó kún, tó gbẹ dáadáa, ó lé ní 60 kìlógíráàmù, kò sì sí ohun tó ń lọ ṣe ní ìdáná ẹnikẹ́ni. Ọ̀dọ̀ ẹni tó ń rà á ló ń lọ, láti ibẹ̀ ó di inú mọ́tò akẹ́rù, ó di Èkó, ó di ojú òkun. Fún ìgbà àkọ́kọ́, ẹrù àgbẹ̀ kọ ẹ̀yìn sí òkè. Ẹni tó gbin kòkó bẹ̀rẹ̀ sí í sùn ní abà, títí abà fi di ilé.

Bí mo bá rò ó báyìí, n kò rí ọjọ́ kan tí bàbá ìyá àgbà dìde tó ní òun ń fi ìyá òun sílẹ̀. Ó sùn ní abà nígbà tí kòkó ń gbẹ. Ìyàwó rẹ̀ wá ràn án lọ́wọ́. Wọ́n mú ọmọ dání. Ìyá àgbà tó bí ọmọ ọdún méje nígbà náà. Ìgbà tí wọn yóò fi bojú wẹ̀yìn, wọn kò gbé lókè mọ́. Ìyá àgbà sì máa ń tẹnu mọ́ ọn pé ọrọọrún ni bàbá àwọn ń ru iṣu gòkè fún ìyá rẹ̀. Ìhà kejì ní irọ́ ni.

Lókè níbẹ̀, mo wò yíká, mo wá ibi tí arúgbó kan àti ọmọ rẹ̀ kan lè gbin iṣu sí kó tó wọn jẹ fún ọdún. Àpáta ni mo rí, pẹ̀lú ilẹ̀ tóóró díẹ̀. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ ti máa ru oúnjẹ gòkè. Èyí kì í ṣe ẹ̀rí tí mo lè gbé lọ sí kóòtù, àbúrò tó dúró tì í náà sì lè jẹ́ ẹni tó ń rù ú. N kò gbọdọ̀ fi ìyẹn pamọ́ nítorí pé ọmọ ìhà ibí ni mí. Ohun kan wà tí mo rí kedere kí n tó sọ̀ kalẹ̀. Ẹni tó dúró ti ìyá ló pàdánù ilẹ̀ pẹrẹsẹ. Mo rò pé ohun tí àwọn ìbátan wa ń bínú sí gan-an nìyẹn láti ìgbà yìí wá, ọ̀rọ̀ ìyá ló kàn rọrùn láti fi gún ènìyàn lójú.

Ìyá náà kú lókè, ibẹ̀ ni wọ́n sin ín sí. Ní oṣù Karùn-ún ọdọọdún, ìlú máa ń gòkè padà fún ọdún Orósùn, nítorí náà kò sí ẹni tó lè sọ pé òkú ibẹ̀ dá wà.

Mo pe màmá mi lórí fóònù láti òkè. Páànù gbogbo Òdòdé tẹ́ sílẹ̀ nísàlẹ̀, pupa rúsúrúsú. Wọn kò béèrè ààfin, wọn kò béèrè kóòtù.

"Ṣé ó ga?"

"Ó ga, Màmá. Àtẹ̀gùn 667 ni wọ́n pè é."

"Tòun ti iṣu lórí?"

N kò mọ èsì tí n óò fọ̀. Mo sọ fún wọn pé bí ó bá jẹ́ tèmi ni, kí a fún ìhà kejì ní méjì nínú ṣọ́ọ̀bù náà. Wọ́n dákẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi wo ojú fóònù bóyá ó ti já. Lẹ́yìn náà wọ́n béèrè bóyá a ti jẹun.